Orúkọ Ọmọbìnrin Lẹ́nu Abẹ́rẹ́ Mi

Àwọn ọmọ ọmọ mi ló ní kí n sọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò fi ọjọ́ ayé wọn ṣe, pé kí èmi tí mo ti ṣe tèmi tán wá sọ bó ṣe rí. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bí mo ṣe di olówó, kó yáa ṣí ojú ìwé mìíràn, nítorí n kò di olówó. Mo jẹun, mo tọ́ ọmọ, mo kọ́ ilé kékeré kan. Ó tán.

Iṣẹ́ òwú ni mo ṣe. Mo ń fi abẹ́rẹ́ kọ orúkọ sára aṣọ. Ṣọ́ọ̀lù ọmọ tuntun, àpò ìrọ̀rí ìyàwó, aṣọ àwọn ọmọbìnrin tó ń lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń sùn, gbogbo rẹ̀ ló gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá ní ìlú Ìbàdàn yìí. Àwọn ọkùnrin kì í fi bẹ́ẹ̀ bìkítà bóyá orúkọ wọn wà lára aṣọ tàbí kò sí. Nítorí náà, orúkọ obìnrin ló pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí ọwọ́ mi kọ láyé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ayé ṣe ń yí, ẹ má wulẹ̀ bi olóṣèlú. Ẹ wá bi ẹni tó ń kọ orúkọ ọmọ.

Dúrójayé ni orúkọ tèmi. Ìgbẹ́tì ni wọ́n bí mi sí. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin ló mú mi wá sí Ìbàdàn, nítorí ó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Dúgbẹ̀. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mo ti ka ìwé mẹ́rin kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó dé. Àwọn ọmọbìnrin àdúgbò ibi tí a ń gbé ń jẹ́ Kọ́ńfọ́ọ̀tì, Fẹlíṣíà, Fitóríà. Nígbà tí mo dárúkọ tèmi fún wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń gbé omi bọ̀, wọ́n á kígbe pé, "Dúró!" Bí mo bá dúró, wọ́n á ní, "Jókòó!" Ojú orúkọ mi máa ń tì mí. Létí mi, ó dà bí orúkọ ẹni tó ń tọrọ nǹkan.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lọ́dọ̀ ni Ìyá Àrónkẹ́. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n, wọ́n dúdú, wọ́n sì máa ń fi abẹ́rẹ́ kan há àárín gèlè wọn nígbà gbogbo. Ìyàwó òyìnbó oníwàásù kan ló kọ́ wọn níṣẹ́ nígbà tí wọ́n wà ní ọmọdé. Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Dúgbẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wọn, a sì máa ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin láti ibẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé.

Oṣù mẹ́fà gbáko, n kò fi abẹ́rẹ́ kan aṣọ oníbàárà. Ṣọ́ọ̀kì àti wàláà ni wọ́n gbé fún mi. Wọ́n ní kí n máa kọ A títí A yóò fi dúró bí ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó fún mi ní àkísà àti òwú. Bí mo bá kọ orúkọ tán, wọn kì í wo iwájú aṣọ rárá. Wọ́n á dojú rẹ̀ dé, wọ́n á wo ẹ̀yìn. Bí ìdí òwú bá wú níbì kan, wọ́n á ní, "Tú u." Wọn kì í pariwo, wọn kì í nà mí. "Tú u" yẹn nìkan. Ìgbà mìíràn wà tí mo tú orúkọ kan ṣoṣo ní ìgbà mẹ́fà láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán, tí omijé mi ń kán sórí àkísà.

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Mà, ta ni yóò wo ẹ̀yìn aṣọ?"

Wọ́n fa ṣọ́ọ̀lù kan jáde, wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ pa mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Wọ́n ní, "Iwájú ni àlejò ń wò. Ẹ̀yìn ló ń kan ara ọmọ. Ṣé o fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ máa gún un lára ni?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ ò bá mú nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ mú ìyẹn.

Òfin méjì ló wà tí wọn kì í gbà kí ẹnikẹ́ni rú. Èkíní, a gbọ́dọ̀ pe orúkọ sókè kí a tó kọ ọ́, torí ọwọ́ kì í mọ ohun tí ẹnu kò tíì tọ́ wò. Èkejì, a kò gbọdọ̀ gbé ẹrù lé oníbàárà lọ́wọ́ láì tú u lójú rẹ̀ kó fi ojú ara rẹ̀ ka orúkọ náà.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹnu mi kì í dákẹ́. Àwọn ìyá àgbàlagbà tó ń kó àpò ìrọ̀rí wá ń jẹ́ Àṣàbí, Àbẹ̀ní, Àmọ̀kẹ́. Láti ilé àwọn Mùsùlùmí, Ràbíátù, Sàfúrátù, Àlímọ́tù. Àwọn ọmọ ilé ìwé ní tiwọn, orúkọ òyìnbó ni wọ́n ń gbé wá, nítorí ilé ìwé ní kó hàn lára aṣọ, àwọn òbí náà sì ń fi í yangàn. Mo kọ Kọ́ńfọ́ọ̀tì títí mo fi lè dijú kọ ọ́. Mo máa ń rò pé kò sí ìgbà tí Kọ́ńfọ́ọ̀tì yóò tán láyé.

Oríṣi orúkọ kan tún wà tí wọ́n máa ń gbé wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ pé ìyá tó bá gbé e wá kì í fẹ́ pè é sókè. Kòsọ́kọ́. Dúrósinmi. Málọmọ́. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú ọmọ. Bí irú rẹ̀ bá dé, Ìyá Àrónkẹ́ kì í ní kí n pè é kíkan. Wọ́n á ní, "Èyí, sọ ọ́ sínú."

Ọdún kẹta tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ni ọ̀ràn dé.

Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àwọn ilé tuntun sí Bódìjà nígbà náà. Igbó ṣì wà láàárín ilé kan sí èkejì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ti ń kó wọ ibẹ̀. Akọ̀wé kan tó jẹ́ ọmọ Ṣakí wà nínú wọn. Àǹtí Ẹ̀bùn ni ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́, tíṣà ni. Wọ́n ti bí ọmọbìnrin méjì rí, àwọn méjèèjì kò pé ọdún kan tí wọ́n fi lọ. Wàyí o, Àǹtí Ẹ̀bùn tún bí obìnrin. Lọ́jọ́ kẹta tó bímọ, Akọ̀wé gun kẹ̀kẹ́ wá sí Dúgbẹ̀, ó gbé ṣọ́ọ̀lù funfun kan wá.

Ó sọ fún ọ̀gá mi pé, "Ẹ bá mi kọ Glọ́ríà sí i, mà. Ìyàwó mi ló yàn án. Ó ní ọmọ yìí, ògo ni, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ó ní òun ti bẹ̀bẹ̀ tó."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá Akọ̀wé náà wọlé. Ìyá Ṣakí ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Wọ́n wá láti ilé kí wọ́n lè máa wẹ ọmọ. Wọ́n ní kí a fi ṣọ́ọ̀lù tí ọmọ àwọn gbé wá han àwọn. Wọ́n fọwọ́ pa á lára, wọ́n jáde lọ sọ́jà, nígbà tí wọ́n padà dé, irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n rà dání.

"Ẹ kọ Málọmọ́ sí tèmi."

Ìyá Àrónkẹ́ wò wọ́n. "Ìyá, ṣé ìyàwó yín mọ̀?"

"Kò ní mọ̀. N kò ní bá a du orúkọ tó fẹ́. Bí mo bá ń pọn ọmọ nìkan ni n óò máa fi bò ó." Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi. Ọwọ́ yìí ni mo fi wẹ àwọn méjì tó lọ. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ mi náà rí nǹkan sọ fún ẹ̀kẹta."

Ọ̀gá mi kọ Glọ́ríà, wọ́n gbé Málọmọ́ fún mi. Mo sọ ọ́ sínú, mo kọ ọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ dán bí iwájú. Ọ̀gá mi dojú rẹ̀ dé, wọn ò ní kí n tú u, mo sì mọ̀ pé ó dára. A di méjèèjì sínú bébà, a fi òkùn so wọ́n, a gbé wọn sórí pẹpẹ kan náà.

Ọjọ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí ilé ìwé ń wọlé. Àwọn ìyá àti ọmọ kún orí àtẹ̀gùn wa débi pé ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ kò rọ́nà. Ọ̀gá mi ti lọ ra òwú. Akọ̀wé na ọrùn láti ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Dúrójayé, jọ̀ọ́, yára gbé ti ìyàwó mi fún mi, mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́." Mo nawọ́ sórí pẹpẹ, mo mú ọ̀kan, mo nà án gba orí àwọn ènìyàn dé ọwọ́ rẹ̀. Ó lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Ṣakí wá gba èyí tó kù. Wọn kò jẹ́ kí n tú u, wọ́n fi í pamọ́ sínú aṣọ wọn kí ojú má baà rí i. Bí mo bá tilẹ̀ tú u, wọn kò mọ̀wé.

Èmi ló yẹ kó kà á. Èmi ni n kò kà á.

Ọ̀gá mi lọ síbi ìsọmọlórúkọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Oòrùn kò tíì mú dáadáa tí mo fi gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn, ó ń bọ̀ kíákíá, kì í ṣe bí ẹni tó jẹ tó yó. Wọ́n wọlé, wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n jókòó.

"Ta ló gbé ẹrù fún Akọ̀wé?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé o tú u?"

Mo mi orí pé rárá.

Wọ́n wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Àǹtí Ẹ̀bùn tú ṣọ́ọ̀lù lójú gbogbo èrò kó lè fi wé ọmọ. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó jókòó níwájú ló kà á sókè pé, "Málọmọ́." Àǹtí Ẹ̀bùn yíjú sí ìyá ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ṣe èyí? Ẹ ti ń gbẹ́ ilẹ̀ de ọmọ mi?" Ìyá Ṣakí kò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Wọ́n fa tiwọn yọ kí wọ́n lè fi hàn pé tiwọn wà lọ́wọ́ àwọn. Tíṣà náà kà á. Glọ́ríà ló wà níbẹ̀. Àwọn èrò wá ní, "Ó pààrọ̀ rẹ̀! Ìyá yìí pààrọ̀ rẹ̀!" Ìyá Ṣakí dúró láàárín ilé, wọ́n mú ṣọ́ọ̀lù dání, wọ́n ń wo lẹ́tà tí wọn kò lè kà. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n ní àwọn ń lọ sí Ojoo lọ wọ ọkọ̀ padà sílé.

Abẹ́rẹ́ bọ́ sọ́wọ́ adẹ́tẹ̀, ó dète. Ọ̀ràn balẹ̀, ó dèrò. Mo wólẹ̀, mo ń sunkún. Mo rò pé wọ́n máa lé mi. Ìyá Àrónkẹ́ wé gèlè wọn padà.

"Wọ bàtà rẹ," ni wọ́n wí.

"Mà?"

"Ẹnu tí a fi ń pe orúkọ náà la fi ń jẹ́wọ́. Wọ bàtà rẹ."

A wọ takisí lọ sí Bódìjà. Àwọn èrò ti túká, àwọn tó kù ń kó àga. Àǹtí Ẹ̀bùn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọmọ sáyà, ojú rẹ̀ ti wú. Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

Mo ní, "Àǹtí, kì í ṣe Ìyá. Èmi ni. Èmi ni mo gbé ti Ìyá fún Akọ̀wé, mo gbé tiyín fún Ìyá. N kò tú ẹrù. Ìyá ò pààrọ̀ nǹkan kan."

Ó yíjú sí mi. "Ṣùgbọ́n òun ló ní kí ẹ kọ orúkọ yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Orúkọ ikú."

N kò mọ ohun tó mú mi sọ̀rọ̀. Mo ní, "Orúkọ mi náà ń jẹ́ Dúrójayé, mà."

Ó tún ọmọ gbé láyà. "Ọmọ mélòó ni ìyá rẹ bí ṣáájú rẹ?"

"Mẹ́rin, mà."

"Àwọn ńkọ́?"

"Wọn ò dúró."

"Ó máa ń dùn ọ́ bí wọ́n bá pè ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo fẹ́ sọ pé ó máa ń tì mí lójú. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe kúnlẹ̀ níbẹ̀ tí mo ń wo bí ó ṣe di ọmọ náà mú, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ìyá mi. Mo rí i bó ṣe gbé èmi náà mú báyìí lẹ́yìn tó ti sin mẹ́rin. Mo ní, "Àǹtí, bí ìyá mi bá ń pè mí, ó máa ń rọra pè é. Kò pe orúkọ àwọn àbúrò mi bẹ́ẹ̀ rí."

Àǹtí Ẹ̀bùn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún mìíràn ni. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ lọ dá Ìyá padà," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ọkọ̀ tó gbéra." Ó rán èmi náà níṣẹ́ sí wọn.

Akọ̀wé gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Títí di òní, n kò mọ bí ọkùnrin náà ṣe gun òkè ojú ọ̀nà Yunifásítì yẹn pẹ̀lú mi lẹ́yìn. Nígbà tí a dé Ojoo, lọ́rì kan ti kún dé ìdajì, Ìyá Ṣakí sì jókòó lórí pákó inú rẹ̀, wọ́n gbé ẹrù sórí itan. Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀ sínú eruku lójú gbogbo èrò ọkọ̀.

Wọn ò wò ó. "Wọ́n ní mo fẹ́ pa ọmọ," ni wọ́n ń sọ. "Èmi. Wọ́n ní èmi."

Mo gun ẹ̀yìn lọ́rì, mo kúnlẹ̀ láàárín àpò èlùbọ́. Mo jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo wá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. "Ìyá, ìyàwó yín ní kí ẹ wá fi ẹnu yín pe ọmọ náà lórúkọ tí ẹ fẹ́ pè é. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ."

Ìyá Ṣakí bojú wò mí. "Òun ló wí bẹ́ẹ̀? Ẹ̀bùn?"

"Òun ni, mà."

Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ yára sọ̀kalẹ̀. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí kò mọ̀ wá rí, gba ẹrù lórí itan wọn, ó gbé e fún Akọ̀wé nísàlẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ máa lọ. Ṣakí ò ní sá lọ."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Ṣakí gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó wọn. Wọ́n fẹnu kan etí ọmọ náà, wọ́n pè é. Àǹtí Ẹ̀bùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì dáhùn ṣe àmín. Ọ̀gá mi ní kí n tú orúkọ ara ṣọ́ọ̀lù tí mo kọ, kí n tún un kọ sí ẹ̀yìn èyí tó ní Glọ́ríà, níbi ìṣẹ́po etí aṣọ, ibi tó ń kan ọrùn ọmọ. Mo kọ ọ́ tán, ọ̀gá mi fi èjìká ara wọn pa á wò. Wọ́n ní, "Kò gún ni."

Ọmọ náà ṣàìsàn nígbà tó pé oṣù mẹ́ta. Ibà mú un débi pé ojú rẹ̀ yí padà. Ìyá àti ìyá àgbà ló jọ gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n jọ sùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ẹnìkan ń gbàdúrà lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹnìkan ń ki ọmọ ní oríkì. Dókítà gún un lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ó yè. Ìyá Ṣakí wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbé èlùbọ́ wá fún ọ̀gá mi. Wọ́n ní, "Abẹ́rẹ́ tiyín ṣe tirẹ̀, abẹ́rẹ́ dókítà ṣe tirẹ̀."

Mo ti rò ọ̀rọ̀ yẹn títí. Láti ìgbà náà, ọdún dé, ọdún lọ, Málọmọ́ ń dínkù lórí pẹpẹ wa. Kòsọ́kọ́ kò wá mọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú ló ń ti àwọn èèyàn. Rárá. Àwọn ọmọ ló ti ń dúró. Abẹ́rẹ́ dókítà ló gba orúkọ yẹn kúrò lẹ́nu abẹ́rẹ́ mi, n kò sì bá a jà.

Nígbà tí mo gba òmìnira, ọ̀gá mi gbàdúrà fún mi, wọ́n yọ abẹ́rẹ́ orí gèlè wọn, wọ́n há a mọ́ gèlè mi. Mo gba yàrá kan ní Ring Road. Mo ra máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀. Ọwọ́ kọ́kọ́ ń bá ẹsẹ̀ jà, títí tí wọ́n fi mọ ara wọn. Nígbà tó yá, máṣíìnì oníná dé, iná mọ̀nàmọ́ná sì ń ṣe bó ṣe wù ú, mo tún padà sí ti ẹlẹ́sẹ̀. Orúkọ náà kò dúró sójú kan. Kọ́ńfọ́ọ̀tì tí mo rò pé kò ní tán láyé, ó tán. Àwọn tí wọ́n ń jẹ́ Kọ́ńfọ́ọ̀tì dàgbà, wọ́n bí ọmọ, wọ́n sì sọ ọ́ ní Bọ́lánlé, Títílayọ̀, Fúnmiláyọ̀. Orúkọ ayọ̀ àti orúkọ ọlá. Yétúndé pọ̀ nígbà kan débi pé mo máa ń kọ mẹ́ta lóòjọ́. Àwọn òde òní kì í fẹ́ ẹ mọ́, wọ́n ní àwọn kò gbàgbọ́ pé ìyá àgbà ń padà wá.

Glọ́ríà ti Bódìjà dàgbà, ó di tíṣà bí ìyá rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ju orúkọ òyìnbó nù, ó wá bá mi, ó kó àpò ìrọ̀rí ìgbéyàwó rẹ̀ wá. Mo ní, "Glọ́ríà ni kí n kọ, àbí?" Ó ní, "Rárá o, mà. Málọmọ́ ni. Mo ti ju Glọ́ríà nù." Ìyá rẹ̀ tó bá a wá jókòó, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ó ní, "Dúrójayé, o rí i? Orúkọ tí mo fẹ́ kú lé lórí." Ìyá Ṣakí ti fi ayé sílẹ̀ nígbà náà. Èmi nìkan ni mo pe orúkọ náà sókè kí n tó kọ ọ́, n kò sì sọ ọ́ sínú mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ tó ní Olúwa nínú kún inú ìlú. Wọ́n dára, ṣùgbọ́n wọ́n gùn! Ẹnìkan gbé fìlà ọmọ tuntun wá, kò ju ìkúùkù mi lọ, ó ní kí n kọ Mofíyìnfólúwa sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí, mo parí rẹ̀ sí ìpàkọ́. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí wàyí, olùkọ́ kékeré kan láti Agbówó gbé ṣọ́ọ̀lù wá.

"Àbẹ̀kẹ́ ni, mà."

"Oríkì rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Orúkọ rẹ̀ náà nìyẹn, mà. Ó dùn létí."

Mo wò ó. Orúkọ àwọn ìyá arúgbó tó ń kó ìrọ̀rí wá bá ọ̀gá mi, òun ló di orúkọ oge. Wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èmi tí mo ti kọ ọ́ láti kékeré, mo mọ̀ pé ẹ̀rù tó ń ba òbí àti ohun tó ń wù ú, méjèèjì ló máa ń wò pẹ̀lú ilé. Nígbà tí ikú ń bà wọ́n lẹ́rù, wọ́n bẹ ọmọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ jọ òyìnbó, wọ́n yá orúkọ lọ́wọ́ òyìnbó. Ní báyìí, ó jọ pé wọ́n ń bẹ̀rù kí ọmọ má gbàgbé ibi tó ti wá. Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà lòwú ń tọ̀.

Ọmọ́wùmí, ọmọ mi obìnrin, ló gba iṣẹ́ náà. Ó wà ní Challenge báyìí, ó ní máṣíìnì kọ̀ǹpútà tó ń kọ orúkọ fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ti tán. Mo fi ojú wò ó, mo ní ọlọ́gbọ́n ni ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n kò mọ Yorùbá. Lẹ́tà òyìnbó nìkan ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Bí a bá ní kó kọ Ọpẹ́, á kọ ọ́ láìsí àmì nísàlẹ̀, á di nǹkan mìíràn. Ọmọ́wùmí bá ní, "Màmá, ẹ wá bá mi fi àmì sí i." Báyìí ni mo ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí mo ti ní mo ti ṣíwọ́. Fún ọdún bíi mẹ́ta, iṣẹ́ mi kò ju pé kí n jókòó lẹ́bàá fèrèsé, kí n fi ọwọ́ fi àmì kékeré sí abẹ́ Ọ, sí abẹ́ Ẹ, sí abẹ́ Ṣ. Mo gbádùn rẹ̀.

Ẹ ó ní kí n gbà yín níyànjú. Ẹ wá iṣẹ́ tí ẹlòmíràn yóò fi ara rẹ̀ lo, kì í ṣe èyí tó dùn ún wò nìkan. Bí ẹ bá ṣì í, ẹ wọ bàtà yín kí ẹ lọ jẹ́wọ́. N kò mọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí mo ṣíwọ́ pátápátá, ìyá kan ló ń dúró de ṣọ́ọ̀lù, ó pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ṣọpẹ́ ni orúkọ ọmọ náà. Lójú mi, àmì méjì ló gbà. Mo fi òwú sí ẹnu, mo wá ojú abẹ́rẹ́, n kò rí i. Mo yíjú sí ìmọ́lẹ̀, n kò rí i. Mo tún un wá. Ọmọ́wùmí wá láti ẹ̀yìn mi, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ki òwú bọ̀ ọ́, ó dá a padà. Ìyá ọmọ náà wo ojú fèrèsé bí ẹni pé kò rí wa.

Mo bi í pé, "Báwo lẹ ṣe ń pè é, ọmọ mi?"

Ó ní, "Ṣọpẹ́, mà."

Mo pè é. Ọmọ náà gbé orí sókè lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Mo fi àmì sábẹ́ Ṣ, mo fi sábẹ́ Ẹ, mo fi Ọ sílẹ̀, mo rí i pé mẹ́ta ni, kì í ṣe méjì, mo rẹ́rìn-ín ara mi, mo fi àmì sábẹ́ Ọ náà. Mo so ìdí òwú, mo fi eyín já a, mo yí aṣọ náà padà kí ìyá ọmọ lè wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo wá dìde, mo gbọn èérún òwú kúrò lórí itan mi, mo sì lọ sílé.